Láti Ibùjókòó sí Orúkọ: Ìtàn Díìsìkì àti Ìgbérasọ Ètò Linux

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá tan ẹ̀rọ ayárabíàṣá tí ètò Linux ń darí, tí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà sì dúró lójijì kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń sọ sí i lọ́kàn ni pé díìsìkì ti bàjẹ́, pé ìwé, àwòrán àti iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí ó wà nínú rẹ̀ ti ṣègbé. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó rí bẹ́ẹ̀. Díìsìkì lè wà ní pípé, kí ó jẹ́ pé orúkọ tí ètò fi ń pè é kì í ṣe orúkọ rẹ̀ mọ́. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí Linux ṣe ń wá díìsìkì tí yóò ti dìde láti ọdún 1991. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé, ní ìpele kan tẹ̀lé òmíràn, ètò náà kúrò ní títọ́ka sí nǹkan nípa ibùjókòó rẹ̀, ó sì bọ́ sí pípe nǹkan ní orúkọ tí nǹkan náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ní Helsinki

Ní ọjọ́ 25 Oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kéde fún àwọn tí ń lo Minix pé òun ń kọ ètò ìdarí kan fún kọ̀ǹpútà irú 386. Andrew Tanenbaum ni ó kọ Minix, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi mọ bí ètò ìdarí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní Oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀dà 0.01 ti Linux jáde, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ṣùgbọ́n Linux kò tíì lè dá dúró; orí Minix ni wọ́n ti ń kọ ọ́.

Àṣìṣe kan ni ó já okùn yẹn. Nínú ètò tí ó jẹ mọ́ Unix, ohun èlò kọ̀ọ̀kan tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà ń jẹ́ orúkọ bí ẹni pé fáìlì ni, ìbáà ṣe módẹ́ẹ̀mù, ìbáà ṣe díìsìkì. Torvalds fẹ́ fi módẹ́ẹ̀mù rẹ̀ pe ìpè kan, ṣùgbọ́n orúkọ díìsìkì ni ó fi sínú àṣẹ náà. Àṣẹ ìpè tẹlifóònù kọ ara rẹ̀ lé orí ìpín tí Minix wà, Minix sì bàjẹ́. Dípò kí ó tún un fi síbẹ̀, ó pinnu láti máa lo Linux nìkan.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gba Linux lò ń fi díìsìkì pẹlẹbẹ méjì gbé e dìde. Ìkíní gbé kernel, èyí tí í ṣe ọkàn ètò náà. Bí kernel bá ti jí, yóò ní kí wọ́n yọ ìkíní, kí wọ́n sì ki èkejì, tí àwọn fáìlì wà nínú rẹ̀, bọ inú ẹ̀rọ. Ènìyàn ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi díìsìkì han ètò.

LILO àti báìtì 512

Láti gbé Linux dìde láti orí díìsìkì líle, ọ̀nà tóóró kan wà tí ètò gbọ́dọ̀ gbà kọjá. BIOS, ètò kékeré tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, kò mọ ohun tí ń jẹ́ fáìlì. Báìtì 512 àkọ́kọ́ orí díìsìkì ni ó ń kà, ó sì ń fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Nínú 512 yìí, 446 ni àyè ètò ìgbérasọ, 64 jẹ́ ti àkọsílẹ̀ ìpín mẹ́rin, 2 tí ó kù sì jẹ́ àmì ìdánimọ̀.

Ní ọdún 1992, Werner Almesberger kọ LILO láti gba ibẹ̀ kọjá. LILO kò lè fi orúkọ fáìlì wá kernel. Ó ń kọ nọ́ńbà àwọn ibi tí kernel wà lórí díìsìkì sílẹ̀ ṣáájú ni. Bí oníkọ̀ǹpútà bá fi kernel tuntun rọ́pò ti àtijọ́, tí ó sì gbàgbé láti tún àṣẹ lilo pa, àwọn nọ́ńbà àtijọ́ lè máa tọ́ka sí ibi tí nǹkan mìíràn ti gbà.

Síbẹ̀, LILO ní ìwà kan tí ó ran àwọn atúnṣe lọ́wọ́. Lẹ́tà mẹ́rin orúkọ rẹ̀ ni ó ń kọ sójú kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ ti ń lọ. Bí lẹ́tà kankan kò bá hàn, kò sí apá kan LILO tí ó wọlé. Bí ó bá dúró ní L, apá kejì kò ṣe é kà. Bí ó bá dúró ní LI, apá kejì wọlé, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́. Bí ó bá dúró ní LIL, kò rí àkọsílẹ̀ tí ó ń tọ́ka sí kernel kà. Ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí mọ ibi tí okùn ti já.

Àwọn orúkọ tí ń yí padà

Ní ọdún 1995, Erich Boleyn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí GRUB. GRUB lóye bí a ṣe ń to fáìlì sórí díìsìkì, nítorí náà ó lè pe kernel ní orúkọ fáìlì rẹ̀. Bí orúkọ náà kò bá tọ́, oníkọ̀ǹpútà lè tún un kọ níbẹ̀ gan-an kí ẹ̀rọ tó dìde.

Ìṣòro kan ṣẹ́kù. Bí kernel bá jí, òun náà gbọ́dọ̀ mọ díìsìkì tí àwọn fáìlì yòókù wà. Láyé ìgbà náà, ìjókòó díìsìkì lórí wáyà ni ó ń fún un lórúkọ: hda ni ìjókòó kìíní lórí wáyà kìíní, hdc sì ni ìjókòó kìíní lórí wáyà kejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ nǹkan sórí síídì lábẹ́ kernel 2.4 ní láti kọ hdc=ide-scsi sínú àṣẹ ìgbérasọ bí ẹ̀rọ síídì rẹ̀ bá wà ní hdc, kí ètò lè gbà pé irú ohun èlò mìíràn ni. Kernel 2.6, tí ó jáde ní Oṣù Kejìlá ọdún 2003, ni ó mú wàhálà yẹn kúrò.

Nígbà tí díìsìkì SATA àti ti USB gbòde, bí kernel ṣe rí wọn tẹ̀léra ni ó ń sọ wọ́n ní sda, sdb àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2007, Fedora 7 fi orúkọ irú èyí fún àwọn díìsìkì ayé àtijọ́ pẹ̀lú. Àkọsílẹ̀ tí ó bá ṣì ń pe hda kò ní rí ẹni dá a lóhùn. Nínú àṣà Yorùbá, Táyéwò ni ó kọ́kọ́ dé, Kẹ́hìndé ni ó tẹ̀lé e. Ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo ni orúkọ wọn so mọ́. Ti sda àti sdb kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá tan ẹ̀rọ ni a ń tún wọn bí, èyí tí ó jẹ́ Táyéwò lánàá sì lè di Kẹ́hìndé lónìí.

Ojútùú rẹ̀ ni UUID, nọ́ńbà gígùn tí a ń kọ ní àmì 32, tí ó sì wà nínú ètò fáìlì orí díìsìkì fúnra rẹ̀. Ibikíbi tí a bá so díìsìkì mọ́, nọ́ńbà náà ń bá a lọ. Ní ọdún 2006, Ubuntu 6.10 bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó nínú /etc/fstab, ìwé tí ètò ń kà láti mọ díìsìkì tí yóò lò. UEFI, tí ó gba ipò BIOS, tẹ̀lé ipa ọ̀nà kan náà: kì í ṣe báìtì 512 àkọ́kọ́ ni ó gbára lé mọ́, fáìlì tí ó ní orúkọ ni ó ń wá.

Ohun tí atúnṣe lè rí kọ́

Bí ẹ̀rọ bá dúró ní "grub rescue", GRUB ti jí, ṣùgbọ́n kò rí àwọn fáìlì tirẹ̀. Bí "VFS: Unable to mount root fs" bá hàn, kernel ti jí, àmọ́ kò rí díìsìkì tí yóò gbé. Bí systemd, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, bá ń ka ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lórí díìsìkì kan, ó ṣeé ṣe kí /etc/fstab máa pe UUID tí kò sí mọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá tún ìpín kan ṣe lọ́tun ti fún un ní nọ́ńbà tuntun. Láti ọdún 2000 ni Knoppix ti jẹ́ kí ènìyàn lè gbé Linux dìde láti orí síídì láìfọwọ́ kan díìsìkì inú ẹ̀rọ. Láti orí irú ètò bẹ́ẹ̀, àṣẹ blkid yóò sọ UUID tí ìpín kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, a ó sì lè fi í wé èyí tí a kọ sílẹ̀.

Àsọkágbá

Orúkọ tí ó tọ́ kì í wo díìsìkì tí ó ń kú sàn. Bí àṣẹ dmesg bá ń sọ léraléra pé díìsìkì kò ṣeé kà, ẹ̀dà iṣẹ́ inú rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe kí a tó fi fsck tún ohunkóhun ṣe, a kò sì gbọ́dọ̀ lo fsck lórí ìpín tí ètò ń lò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ pé díìsìkì ti kú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá orúkọ rẹ̀ ni a ṣì ń pè. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a kà sí ohun tí ó ti sọnù lè wà níbẹ̀ síbẹ̀, tí ó ń dúró de ẹni tí yóò pè é bí ó ṣe ń jẹ́.