Ajá Nínú Ilé Àgbàlagbà: Ìtàn Ẹ̀tọ́ Kan ní Amẹ́ríkà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Iṣẹ́ ni Yorùbá mọ ajá mọ́. Ó ń bá ọdẹ wọ igbó, ó ń ṣọ́lé, ó sì jẹ́ ẹran Ògún. Bí ìyá àgbà bá ku òun nìkan nínú ilé, ọmọ-ọmọ ni wọ́n ń rán lọ bá a gbé: ọmọ tí yóò pọnmi, tí yóò jíṣẹ́, tí ìyá àgbà yóò sì rí bá wí. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń dá gbé, ajá ló bọ́ sí àyè ọmọ-ọmọ yìí fún púpọ̀ nínú wọn. Bí ó ṣe débẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ẹran ọ̀sìn nìkan. Ọ̀rọ̀ òfin àti àdéhùn ilé wà nínú rẹ̀, apá yìí sì ni àwọn tó ń kọ̀wé lórí àǹfààní ajá sábà máa ń fò kọjá.

Ó ti pẹ́ tí a ti ṣàkíyèsí pé ẹranko a máa tu aláìsàn nínú. Florence Nightingale sọ ọ́ nínú *Notes on Nursing* pé ẹran ọ̀sìn kékeré jẹ́ alábàágbé rere fún ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1962 kí Boris Levinson, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní New York, tó tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí ajá rẹ̀, Jingles, tí ó máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí kì í fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n bi í bóyá ajá náà ń gbà lára owó iṣẹ́.

Samuel Corson àti ìyàwó rẹ̀, Elizabeth, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó. Kì í ṣe nítorí aláìsàn ni wọ́n ṣe ń sin ajá. Ìwádìí nípa ìhùwàsí ajá ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ nítòsí gbọ́ bí àwọn ajá náà ṣe ń gbó, àwọn kan tí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn sì lanu, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí wọn. Láti ibẹ̀ ni tọkọtaya náà ti kó ajá lọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní Millersburg, ní ìpínlẹ̀ Ohio kan náà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gbà wọlé láti 1949 lẹ́yìn tí ó já bọ́ láti ibi gíga, tí gbogbo ènìyàn kà sí adití àti odi. Ọdún 26 ni kò fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n mú ajá kan tọ̀ ọ́ wá, ó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ nípa ajá náà ni. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ń ya àwòrán ajá.

Ìtàn ẹnì kan kì í tó ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó tọ́ka sí nǹkan. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ní í wẹ̀ fún arúgbó, àwọn ní í gbé oúnjẹ fún un, àwọn náà ní í sọ ìgbà tí yóò sùn. Ajá nìkan ló wá bá a béèrè nǹkan: ó fẹ́ jẹun, ó fẹ́ kí a fọwọ́ pa á lórí, ó fẹ́ jáde. Ẹni tí wọ́n ń tọ́jú tún di olùtọ́jú. Lórí ìrònú yìí ni dókítà Bill Thomas ṣe kó ajá 2, ológbò 4 àti ẹyẹ 100 wọ ilé ìtọ́jú kan ní New Berlin, ìpínlẹ̀ New York, ní 1991. (Àwọn ẹyẹ náà dé kí àgò wọn tó dé.)

Ìṣirò kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe tààrà. Erika Friedmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé aláìsàn ọkàn 92 fún ọdún kan, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1980: nínú 53 tó ní ẹran ọ̀sìn, 3 ló kú, nínú 39 tí kò ní, 11 ló kú. Ní Sweden, ìwádìí kan tó jáde ní 2017, lórí ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 3, fi hàn pé ikú kò pọ̀ láàárín àwọn tó ní ajá tó ti àwọn tí kò ní, pàápàá láàárín àwọn tó ń dá gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le ló lè mú ajá rìn, ìyẹn sì lè jẹ́ ìdí tó fi pẹ́ láyé. Ìwádìí kan ní Ọsirélíà ní 2005, lórí àwọn ẹni ọdún 60 sí 64, kò rí àǹfààní ìlera kankan. Ní Amẹ́ríkà, iye àwọn ẹni ọdún 65 sókè tí ilé ìwòsàn gbà ní pàjáwìrì nítorí egungun tó kán níbi tí wọ́n ti ń mú ajá rìn ti 1,671 ní 2004 gòkè dé 4,396 ní 2017.

Ohun tó ká àwọn arúgbó lára jù ni àdéhùn ilé. Opó tó fẹ́ wọ ilé olówó pọ́ọ́kú lè ní láti yan ọ̀kan: òrùlé, tàbí ajá tó ti bá a gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ní 1983 ni òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka èyí léèwọ̀ nínú àwọn ilé àyágbé tí owó ìjọba àpapọ̀ wà nínú wọn, tí a yà sọ́tọ̀ fún àgbàlagbà àti aláàbọ̀ ara. Onílé ṣì lè gba owó ìdógò, ó sì lè sọ bí ajá ṣe gbọ́dọ̀ tóbi mọ, ṣùgbọ́n kò lè ní kí ayálégbé má sin ajá rárá. Òfin náà kò kan onílé tí kò gba owó ìjọba.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ló gbé púpọ̀ nínú ẹrù yìí. Ní 1983 kan náà ni Lesley Scott-Ordish dá Pets As Therapy sílẹ̀, tí ń mú ajá lọ kí àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, Averil Jarvis dá Cinnamon Trust sílẹ̀ ní Cornwall, fún àgbàlagbà tó ní ajá ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ ti ń tán. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ń bá a mú ajá náà rìn. Bí ó bá wọ ilé ìwòsàn, wọ́n ń gbà á tọ́jú títí yóò fi padà. Ó sì lè bá wọn ṣètò nígbà tó ṣì wà láàyè, kí wọ́n lè wá mú ajá rẹ̀ lọ́jọ́ tí òun bá kú.