Frank Sprague: Ọkùnrin tó gbé reluwé oníná lé ọmọ ọdún 10 lọ́wọ́

Lóru ọjọ́ kan lọ́dún 1887, ọkọ̀ kan tó ń fi iná mànàmáná rìn gun òkè nílùú Richmond, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì dákú sójú títì. Èrò pé lé e lórí. Frank Sprague tó ṣe ọkọ̀ náà pariwo sí ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé kó lọ kó irinṣẹ́ wá. Ó pa iná ọkọ̀, ó nà gbalaja sórí ìjókòó títí èrò fi túká.

"Irinṣẹ́" tó dé? Ìbaaka mẹ́rin ni, àwọn ló wọ́ ọkọ̀ náà lọ sílé.

Kí ló dé tí motor fi ń jóná?

Motor tí à ń sọ yìí kì í ṣe ọkọ̀ o. Ẹ̀rọ tó ń yí nínú fáànù àti ẹ̀rọ ìlọta ni. Thomas Davenport, alágbẹ̀dẹ kan ní Vermont, ti gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí tirẹ̀ láti 1837. Ìdarí rẹ̀ ni wàhálà.

Bí motor bá wà lójú kan, tí èèyàn tú gbogbo iná sí i lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà inú rẹ̀ lè jó. Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi ní ọwọ́ irin kan tó ń yí díẹ̀díẹ̀, kí iná má baà ya wọlé lójijì. Awakọ̀ tó bá kánjú, motor ló ń jìyà rẹ̀.

Sprague tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, Richmond sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì, 1888. Ṣùgbọ́n tí a bá so ọkọ̀ mẹ́fà pọ̀ ńkọ́? Àwọn kan fẹ́ kí orí reluwé kan máa fa ìyókù. Sprague ní rárá, kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní motor tirẹ̀. Awakọ̀ kan ṣoṣo á máa fi iná kékeré ránṣẹ́ gba inú àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rọ ìdarí inú gbogbo ọkọ̀ á sì jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́dún 1897, iléeṣẹ́ reluwé South Side ní Chicago gbà fún un, ṣùgbọ́n ó ní láti fi $100,000 ṣe ìdúró. Ká ní ó kùnà, owó wọmi nìyẹn.

Ní oṣù keje, ó so ọkọ̀ mẹ́fà pọ̀ ní Schenectady, ó ní kí Desmond, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 10, wà á. Ọmọ náà wà á. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, reluwé tó ń lo èédú kúrò lójú irin South Side.

Reluwé oníná tó ń ná Marina sí Mile 2 l'Ékòó náà kò ní orí kankan tó ń fà á. Abẹ́ àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ni motor wà.