Iṣẹ́ Ẹni tí ń Ṣọ́ Ẹ̀yìn

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, nígbà tí a bá ń pín ipò fún àwọn ọmọ tí ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, yálà ní Ayépé níhìn-ín tàbí ní ibòmíràn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ óò ṣàkíyèsí pé iwájú ni gbogbo wọn ń dù. Ẹni tí ó wà níwájú ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé, òun ni a sì ń gbé lé èjìká. Bákì, ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn, kì í sábà rí irú ìyìn bẹ́ẹ̀ gbà. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáradára fún wákàtí kan àti ààbọ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ṣe àṣìṣe ẹyọ kan, gbogbo ìlú ni yóò rí i. Síbẹ̀, ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ni gbogbo pápá wà níwájú ojú rẹ̀. Ó ń rí ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àlàfo sílẹ̀ sí, ó sì gbọ́dọ̀ ké sí wọn kí ewu tó dé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Stephen Keshi, ọkùnrin tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ ìtàn rẹ̀ wò. Èrò mi ni pé ohun tí ó kọ́ ní ẹ̀yìn ni ó sọ ọ́ di akọ́nimọ̀ọ́gbá, òun kan náà ni ó sì ń fa ìjà láàárín òun àti àwọn aláṣẹ.

Ọmọ Illah ní ìpínlẹ̀ Delta ni Keshi, ṣùgbọ́n Azare, ní ìpínlẹ̀ Bauchi ti òní, ni a bí i sí ní ọjọ́ 23 oṣù Kínní ọdún 1962. Ìlú Èkó ni ó ti lọ sí ilé-ìwé Saint Finbarr's College, èyí tí àlùfáà ará Ireland kan, Denis Slattery, dá sílẹ̀ ní ọdún 1956. Àlùfáà yìí fẹ́ràn bọ́ọ̀lù púpọ̀, kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀kọ́ ìwé. Mo mọ àwọn òbí tí ń sọ pé bọ́ọ̀lù ni ọ̀tá ìwé. Ilé-ìwé yìí ti já wọn nírọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Láti Èkó ni Keshi ti lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ New Nigeria Bank ní ìlú Benin. Nígbà tí ó di ọdún 1984, ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tí ó lọ sí ìdíje Ife Áfíríkà ní Ivory Coast. Ọmọ Yorùbá, Adégbóyè Onígbìndé, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù nínú ikọ̀ náà, wọ́n sì dé àṣekágbá, níbi tí Kamẹrúùnù ti fi àmì ayò 3 sí 1 borí wọn. Ẹ fi orúkọ Onígbìndé sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a.

Ní ọdún 1985 ni wàhálà dé. Keshi àti àwọn mìíràn pẹ́ kí wọ́n tó dé ibùdó ikọ̀ Nàìjíríà, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù sì dá wọn dúró. Ẹlòmíràn ì bá jókòó sílé kí ó máa ráhùn. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba Àbíjàn lọ, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti tọ̀ ṣáájú rẹ̀ nítorí òwò. Ó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ fún Stade d'Abidjan àti Africa Sports. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Lokeren ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ti mú un, ní ọdún 1987 ó sì di ara Anderlecht, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ náà. Ó bá wọn gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní 1988 àti 1989, ó sì bá wọn gba líìgì ní 1991. Ní àkókò yẹn, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Yúróòpù kò pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ tẹ̀lé ara wọn lọ, ó sì ran díẹ̀ nínú wọn lọ́wọ́ láti rí ẹgbẹ́. Ìjìyà tí a fi dá a dúró nílé ni ó sọ ọ́ di aṣáájú lókè òkun.

Òun ni wọ́n fi ṣe balógun ikọ̀ Nàìjíríà. Orúkọ oyè yìí kò ṣàjèjì sí àwa ará Ìjẹ̀bú: balógun ni ẹni tí ó ń kó ogun lọ, tí ó sì gbọ́dọ̀ dáhùn fún àwọn tí ó kó lọ. Big Boss ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó kó wọn dé àṣekágbá ní Mòrókò ní 1988, Kamẹrúùnù sì tún borí wọn, 1 sí 0. Nígbà tí ìdíje ti 1994 dé ní Tùnísíà, ó ti ju ẹni ọdún 32 lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yá bíi ti àtijọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, nígbà tí Nàìjíríà pàdé Sáńbíà ní àṣekágbá ní ìlú Tunis, ẹ̀bá pápá ni balógun jókòó sí. Emmanuel Amunike gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé, Nàìjíríà borí pẹ̀lú 2 sí 1. Ọwọ́ Keshi tí kò fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà ni ó sì gbé ife sókè. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà ó bá wọn dé Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà dé ibẹ̀, eré kan ṣoṣo ni ó sì gbá, èyí tí wọ́n fi borí Gíríìsì.

Mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe gbàgbé àwòrán balógun tí ó jókòó sí ẹ̀bá pápá yìí.

Lẹ́yìn tí ó fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wá ṣe igbákejì Shuaibu Amodu nínú ikọ̀ Nàìjíríà. Ní Ife Áfíríkà ti 2002 ní Málì, ipò kẹta ni wọ́n wà. Àwọn aláṣẹ kò ka èyí sí nǹkan, wọ́n lé wọn, wọ́n sì gbé Ife Àgbáyé ọdún náà lé Onígbìndé, ẹni tí ó kọ́ Keshi ní 1984, lọ́wọ́.

Ní 2004 ni Tógò pè é. Orílẹ̀-èdè kékeré ni, kò sì tíì dé Ife Àgbáyé rí. Inú ìsọ̀rí kan náà ni ó wà pẹ̀lú Senegal, tí ó ti ṣe bẹbẹ ní Ife Àgbáyé 2002. Emmanuel Adebayor, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá láti Nàìjíríà ṣùgbọ́n tí a bí sí Lomé, gbá bọ́ọ̀lù 11 wọlé fún wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, wọ́n borí Kóńgò ní Brazzaville, 3 sí 2, Tógò sì gba ọ̀nà Jámánì. Ṣùgbọ́n ní Ife Áfíríkà tí a ṣe ní Íjíbítì ní oṣù Kínní 2006, òun àti Adebayor jà, Tógò sì pàdánù eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n yọ ọ́ nípò, wọ́n fi ará Jámánì kan, Otto Pfister, rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ebè kọ́ ni ó wu iṣu. Tógò pàdánù eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Jámánì náà. Èmi kò gbà pé ọwọ́ Keshi mọ́ pátápátá nínú ìjà náà, nítorí ọkùnrin agídí ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe sí i kò tọ́.

Ó ti kọ́ ikọ̀ Málì pẹ̀lú kí Nàìjíríà tó tún pè é ní oṣù Kọkànlá 2011. Ìgbà náà kò dára, nítorí Nàìjíríà kò rí àyè wọ Ife Áfíríkà ti 2012. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni mo kà sí iṣẹ́ tí ó ga jù lọ nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Ó fi àwọn gbajúmọ̀ kan tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù sílẹ̀, ó sì mú mẹ́fà láti inú líìgì ilẹ̀ wa wọ inú àwọn 23 tí ó kó lọ sí Gúúsù Áfíríkà ní 2013. Àwọn kan bú u ní gbangba. Nígbà tí Nàìjíríà ta ọ̀mì nínú eré méjì àkọ́kọ́, ariwo pọ̀ sí i. Kò yí ọkàn padà. Godfrey Oboabona, tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, ni ó fi sí ẹ̀yìn pẹ̀lú Kenneth Omeruo tí kò ju ọmọ ọdún 19 lọ. Joseph Yobo, balógun ikọ̀ náà, bákì bíi ti rẹ̀, wá di ẹni tí ń jókòó sí ẹ̀bá pápá.

Wọ́n borí Ivory Coast 2 sí 1, wọ́n borí Málì 4 sí 1. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2013, ní Johannesburg, Sunday Mba, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ líìgì ilé, gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí ó fi borí Burkina Faso wọlé. Nígbà tí ìṣẹ́jú díẹ̀ kù kí eré parí, Keshi ní kí Yobo wọlé. Yobo ni ó gbé ife náà sókè. Ta ni ó lè mọ ohun tí ó wà lọ́kàn balógun bẹ́ẹ̀ ju Keshi lọ? Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹnì kan ṣoṣo, Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì, ni ó ti gba ife yìí gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, tí ó sì tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Ní ọjọ́ kejì, Keshi kéde pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìròyìn ti tàn kálẹ̀ pé àwọn aláṣẹ fẹ́ lé e kí eré ti Ivory Coast tó wáyé, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó padà. Síbẹ̀, ní ọdún kan náà tí ó gba ife fún Nàìjíríà, oṣù púpọ̀ kọjá tí kò rí owó oṣù rẹ̀ gbà. Ẹ̀yin tí ẹ óò di ọ̀gá lọ́la, ẹ ro èyí wò dáadáa. A fi ìlù àti ijó pàdé ọkùnrin kan, a kò sì san owó iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ní Ife Àgbáyé 2014 ní Bràsíìlì, ó kó Nàìjíríà dé ìpele àwọn 16, kí Faransé tó fi 2 sí 0 dá wọn padà. Títí di ìgbà náà, kò sí ọmọ Áfíríkà mìíràn tí ó ti jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá dé ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Nàìjíríà tí ó di ife mú kò rí ọ̀nà wọ ìdíje ti 2015, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Wọ́n lé e, wọ́n pè é padà, wọ́n sì tún lé e ní oṣù Keje 2015.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni ikú mú Kate aya rẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 2016, Keshi kú ní ìlú Benin ní ẹni ọdún 54, a sì sin ín sí Illah. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Amodu, ẹni tí ó ṣe igbákejì fún rí, kú pẹ̀lú. Pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Asaba ń jẹ́ orúkọ Stephen Keshi títí di òní.