Nígbà tí Wọ́n Ṣe Ṣíọ̀ sí Charlie Chaplin

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ àwòrán ọkùnrin kúkúrú nì, tí irunmú rẹ̀ rí ṣókí, tí ó dé àkẹtẹ̀ dúdú, tí ó mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, tí bàtà rẹ̀ sì tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Charlie Chaplin ni, ọmọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Láti ọdún 1914 ni ó ti ń fi ìrísí tálákà alárìnkiri yìí pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín láìfọhùn. Nítorí pé kò fọhùn, kò sí orílẹ̀-èdè tí kò gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1947, Chaplin jókòó nínú gbọ̀ngàn Broadway Theatre ní New York láti wo sinimá tuntun tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tí ó darí, tí ó sì ṣeré nínú rẹ̀. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ó pé ẹni ọdún 58. Bí eré ti ń lọ ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣíọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín. Ara àgbà òṣèré náà kò gbà á mọ́. Ó dìde, ó bọ́ síta.

Monsieur Verdoux ni orúkọ sinimá náà. Ìtàn Faransé ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Orson Welles ni ó dá a lábàá, láti inú ọ̀ràn ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Landru. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Landru a máa fi ìpolówó inú ìwé ìròyìn wá obìnrin tí òun yóò fẹ́. A sì máa gba owó wọn, a máa pa wọ́n. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ikú obìnrin mẹ́wàá àti ọmọkùnrin kan, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní ọdún 1922.

Chaplin wá sọ apànìyàn yìí di akọ̀wé báńkì tí ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ láìlábàwọ́n, kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Ó ní aya tí kò lè rìn, ó sì ní ọmọ kékeré kan. Kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ ni ó ṣe ń fẹ́ àwọn obìnrin olówó káàkiri, tí ó ń pa wọ́n bí ẹni ń ṣòwò. Síbẹ̀ eré náà pani lẹ́rìn-ín! Obìnrin aláriwo kan wà níbẹ̀, Annabella, tí Martha Raye ṣe, tí ikú kò fẹ́ rárá. Verdoux fẹ́ fún un ní májèlé jẹ, ìgò ṣì mọ́ra wọn. Ó wà á lọ sórí adágún odò láti rì í. Òun alára ni ó já sómi, obìnrin náà ni ó sì fà á yọ. Ní ọjọ́ mìíràn, ó fẹ́ fi ọmọge tálákà kan dán májèlé tuntun wò. Nígbà tí ọmọge náà sọ bí òun ti fẹ́ràn ọkọ òun aláìlera tí ó ti kú tó, Verdoux rọra gba ọtí náà kúrò níwájú rẹ̀.

Nígbẹ̀yìn ọwọ́ òfin tẹ̀ ẹ́. Ní ilé ẹjọ́ ó ní ọmọ iṣẹ́ lásán ni òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń rọ ohun ìjà tí a fi ń pa àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn. Kò tí ì pé ọdún méjì tí àdó olóró bọ́ sórí Hiroshima. Ọ̀rọ̀ náà ta ọ̀pọ̀ ènìyàn lára.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àwọn kan ti gbé ṣíọ̀ wọn láti ilé wá. Chaplin ti lo ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà, kò sì gbà láti di ọmọ ibẹ̀. Ní ọdún 1942 ó sọ̀rọ̀ ní gbangba pé kí wọ́n ran Rọ́ṣíà lọ́wọ́. Ní ọdún 1947 Rọ́ṣíà ti di ọ̀tá. Ó ti gbé ìyàwó mẹ́rin, ẹjọ́ ọmọ sì ti sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ìwé ìròyìn ń pè lórúkọ. Nítorí náà, nígbà tí ó pe àwọn oníròyìn jọ láìpẹ́ lẹ́yìn náà, wọn kò bi í léèrè eré púpọ̀. Ṣé Kọ́múnísì ni ọ́? Kí ló dé tí o kò di ọmọ Amẹ́ríkà? James Agee nìkan ni ó bínú dìde láti gbèjà rẹ̀, ó sì kọ àpilẹ̀kọ mẹ́ta lórí eré náà nínú ìwé The Nation. Àwọn Kátólíìkì tí wọ́n ti jagun rí gbé pátákó dúró lẹ́nu ọ̀nà sinimá. Ìlú Memphis fòfin dè é.

Kí a má purọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò fẹ́ràn eré náà ni ó jẹ́ ọ̀tá Chaplin. Alárìnkiri ni wọ́n wá wò. Ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀ wọ aṣọ ńlá, ó ń sọ̀rọ̀ bí adẹ́jọ́, ó sì ń pànìyàn. Ẹni tí ó lọ ra ẹ̀kọ tí a bu àmàlà fún, kò jẹ̀bi bí ó bá bínú, bí àmàlà náà tilẹ̀ dùn.

Ní Faransé, wọ́n gba eré náà tọwọ́tẹsẹ̀. André Bazin kọ̀wé ní ọdún 1948 pé Verdoux àti alárìnkiri kì í ṣe ẹni méjì: ẹ wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà bí ó ti ń lọ síbi tí wọn yóò ti bẹ́ ẹ lórí, ẹ ó mọ ìrìn náà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1952, Chaplin wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù; kí ó tó gúnlẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà ti fagi lé ìwé tí yóò fi padà wọlé. Ó lọ gbé ní Switzerland. Ní ọdún 1964 wọ́n tún gbé Monsieur Verdoux jáde ní New York, àwọn èrò sì wọ́ lọ wò ó. Ní ọdún náà gan-an ni ìwé ìtàn ayé Chaplin jáde, nínú èyí tí ó ti sọ pé sinimá yìí ni ó gba ọgbọ́n jù nínú gbogbo iṣẹ́ òun. Èmi yóò fi City Lights ti ọdún 1931 ṣíwájú rẹ̀.