Ìbàjẹ́ Àtẹ Ojú-ìwé nínú Kernel: Ìtàn Ìròyìn Rẹ̀

Kernel ni ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Àtẹ ojú-ìwé ni ó fi ń mọ ibi tí dúkìá ètò-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú ìrántí ẹ̀rọ. A pín ìrántí náà sí ègé ọgbọọgba tí à ń pè ní ojú-ìwé. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní, ojú-ìwé kan jẹ́ báìtì 4,096. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ ń sọ ojú-ìwé tí ètò-iṣẹ́ kan lè lò, àti bóyá ó lè kọ nǹkan sí i tàbí kí ó kàn kà á. Bí àkọsílẹ̀ kan bá bàjẹ́, ètò-iṣẹ́ kan lè rí àṣírí òmíràn, tàbí kí ó ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ìlànà yìí bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Tom Kilburn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe kọ̀ǹpútà Atlas, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1962. Inú rẹ́jísítà ni Atlas ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ojú-ìwé rẹ̀ sí. Nígbà tí Intel gbé 80386 jáde ní 1985, inú ìrántí gbogbogbòò ni àtẹ náà wà. Olùṣọ́ àti ohun tó ń ṣọ́ wá ń gbé inú ilé kan náà: àṣìṣe tó lè ba ìrántí jẹ́ lè ba àtẹ náà jẹ́ pẹ̀lú. Orí 80386 yìí ni Linus Torvalds ti bẹ̀rẹ̀ Linux ní Fínlándì ní 1991. Kernel Linux ni Android tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù ní Nàìjíríà ń lò.

Bí Linux bá rí àkọsílẹ̀ tí kò bójú mu, ó máa ń tẹ ìròyìn tó ní ọ̀rọ̀ náà «Bad page map». Ìròyìn náà máa ń dárúkọ ètò-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn, yóò sọ àdírẹ́sì rẹ̀ àti iye tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà, yóò sì fi lẹ́tà B sàmì sí kernel pé ó ti ní àbàwọ́n. Láti 2009, kì í tẹ̀ ju ìròyìn 60 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ìròyìn má baà di ìkún omi. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ẹrù olè lọ́wọ́ rẹ̀ lè má jẹ́ olè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà tí ètò-iṣẹ́ ń parí, tí kernel ń gba ìrántí padà, ni àṣírí máa ń tú. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi náà ti lè lọ tipẹ́. Nítorí náà, ìròyìn àkọ́kọ́ ni ó níye lórí jù fún ẹni tó ń wá orísun ìbàjẹ́.

Kì í sì í ṣe àṣìṣe àwọn tó kọ kernel nìkan ló ń fà á. Ní 2014, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Carnegie Mellon àti Intel fi hàn pé bí a bá ń ka ìlà kan nínú ìrántí léraléra, bíìtì inú ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè yí padà. Nínú módù ìrántí 129 tí wọ́n dán wò, 110 ló ní àléébù yìí. Ní 2015, àwọn olùwádìí Google lo ọgbọ́n kan náà láti yí bíìtì inú àtẹ ojú-ìwé padà, wọ́n sì fi gba agbára kernel.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, Linux 5.17 mú àyẹ̀wò tuntun kan wá. Kì í dúró di ìgbà tí ètò-iṣẹ́ bá ń parí. Nígbà tí àkọsílẹ̀ tuntun bá ń wọ inú àtẹ ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ojú-ìwé kan má baà di ti ẹni méjì lọ́nà tí kò tọ́. Bí ó bá rí àbùkù, lọ́pọ̀ ìgbà ńṣe ni kernel máa ń dá iṣẹ́ dúró pátápátá. Àyẹ̀wò yìí ń gba ìrántí àti àkókò díẹ̀, ìdí nìyí tí a kì í fi í ṣí i láìjẹ́ pé olùlò béèrè fún un. Ìpinnu tó wà níbẹ̀ ṣe kedere: ó sàn kí ẹ̀rọ dúró ju kí ó máa fi dúkìá ẹnìkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lọ.