Ìyapa Ìjọ Breadfruit, 1901

Èyí ni ìjà tó bí Ìjọ Áfíríkà láti inú Ìjọ Áńgílíkà ní Èkó. Kì í ṣe àkọ́kọ́: ní 1891, lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS gba àkóso iṣẹ́ Odò Ọya mọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther lọ́wọ́, àwọn kan ti dá ìjọ UNA (United Native African Church) sílẹ̀, wọ́n sì gba olóbìnrin púpọ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ti 1901 ló mi ìlú tìtì. James Johnson, àlùfáà St. Paul's, Breadfruit, di bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ ní 1900. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell, ọ̀gá rẹ̀, wá ní kó fi ìjọ náà sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1901, èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ ìjọ kó jáde, wọ́n dá ìjọ Bẹ́tẹ́lì sílẹ̀. Ohun tó dunni jù ni pé Johnson, tí wọ́n torí rẹ̀ jà, kò bá wọn lọ. Òun alára kórìíra ìkóbìnrinjọ tí irú àwọn ìjọ bẹ́ẹ̀ ń fàyè gbà. Jacob Kehinde Coker, àgbẹ̀ kòkó ní Agége, ló di òpó ìjọ tuntun.

Lóde òní, òkèèrè ni ìjà ti ń wá. Nígbà tí ìjọ Áńgílíkà Amẹ́ríkà fi Gene Robinson, ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin gbé, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 2003, Peter Akínọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tó jẹ́ olórí Áńgílíkà Nàìjíríà nígbà náà, kọ̀ jálẹ̀. Ní 2005, ìjọ Nàìjíríà yọ orúkọ Canterbury, ibùjókòó olórí Áńgílíkà ní Ẹ́ńgláǹdì, kúrò nínú òfin rẹ̀.