Ìrántí Bàbá ní Ilẹ̀ Àwórì Alímọ̀ṣọ́

Láàárín àwọn Àwórì tó tẹ àwọn abúlé Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó dó, ikú baálé ilé kì í parí ìtàn rẹ̀. Ibi tí wọ́n sin ín sí, igi tó gbìn, orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ tuntun àti oríkì tí àwọn obìnrin ilé ń kì ni ìwé ìtàn rẹ̀. Ìwé náà ti wà kí títì ọlọ́dà tó dé Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò.

Bàbá ni Àwórì fi pìlẹ̀ ìtàn ara wọn pàápàá. Wọ́n ní Olófin Ògúnfúnminire kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó ń tẹ̀ lé àwo kan tó léfòó lójú omi, àwo náà sì rì ní Ìṣẹ̀rì. “Àwo ti rì” ló di Àwórì. Títí dòní, orúkọ bàbá yìí kò kúrò lára Ìṣẹ̀rì Olófin ní Alímọ̀ṣọ́.

Nígbà náà, oko ni bàbá fi ń tọ́ ilé. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, iṣu àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbìn. Wọ́n ń kọ ọ̀pẹ, wọ́n sì ń ṣọdẹ. Àwọn ọmọkùnrin a bá bàbá ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti bàlágà a gba ilẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò máa ro fún ara rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ bàbá tó fẹ́ràn ọmọ: ó ń fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, ó sì ń fún wọn láyè láti ní tiwọn.

Ní 1901, ojú irin tó ti Èkó wá, tó gba Agége kọjá, dé Ìbàdàn. Agége, tó bá Alímọ̀ṣọ́ pààlà, di ìlú kòkó àti obì gbànja. Ní 1907, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Jacob Kehinde Coker sì jẹ́ aṣáájú wọn. Ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé gbànja lọ fún àwọn Hausa ní Òkè Ọya. Igi obì kì í kánjú: ó ń lo ọdún mélòó kan kó tó so, ó sì lè máa so fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó gbìn ín bá ti lọ. Bàbá tó gbin obì mọ̀ pé àwọn ọmọ òun ni yóò ká a jù.

Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá dàgbà kó tó kú, ìnáwó ni, kì í ṣe ọ̀fọ̀. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àwọn ọmọ a dá aṣọ, wọ́n a pa màlúù, àwọn àna a kó onílù tiwọn wá, àwọn èèyàn a sì máa kí wọn pé ẹ̀yìn bàbá á dára. Inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí. Òpìtàn Samuel Johnson sọ nípa àṣà yìí nínú ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, tó jáde ní 1921. Nínú ilé ìdílé, ẹ̀bá ibi tí wọ́n sin bàbá sí ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ kéékèèké ti ń ṣeré. Ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí lẹ́yìn náà a máa jẹ́ Babátúndé.

Ogún náà jẹ́ ọ̀nà ìrántí. Ìdí-igi ni wọ́n sábà fi ń pín in, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìpín kan náà, ni wọ́n ń lò bí ìjà bá dé. Ní 1962, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù fìdí ìdí-igi múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó ti Èkó lọ.

Nígbà tí Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì gbilẹ̀, àdúrà fídáù àti ìsìn ìdúpẹ́ wọ inú ètò ìsìnkú. Wọn kò pa oríkì rẹ́. Ìlú ńlá tó ń gbòòrò ló mi ìrántí bàbá jù. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Òfin Lílo Ilẹ̀ dé ní 1978, wọ́n sì ń ta oko ní púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ìkànìyàn 2006 ka 1,277,714 èèyàn ní Alímọ̀ṣọ́. Ilé dúró síbi tí oko wà, ìrántí àwọn bàbá sì ṣí lọ sára pátákó orúkọ àdúgbò, fọ́tò inú pálọ̀ àti ìwé ètò ìsìnkú.

Ìwé ètò ìsìnkú a máa ka ilé ẹ̀kọ́ àti oyè, ṣùgbọ́n kì í sábà dárúkọ oko. Kí àwọn ọmọ Alímọ̀ṣọ́ jókòó ti àwọn àgbà tó kù, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ibi tí oko bàbá wà, ohun tó gbìn síbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń kì í, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti gé igi obì. Ẹnu àwọn àgbà nìkan ló kù tí ìtàn oko náà wà.